Ẹ̀kọ́ 11: Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka

Lónìí a óò ka nípa ohun kékeré kan tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní abúlé wa: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà ní orí ìka kí wọ́n tó tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ gbóná.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ní òru, ara ọmọ ọdún méjì kan gbóná. Kò jẹun, ó ń sunkún. Kí ni ẹ óò ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò sọ pé: «Palù ni.» A óò ra hóró oògùn mélòó kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbé oògùn kiri ọjà, a óò fún ọmọ lò, a óò sì gba oko lọ. Bí ó bá jẹ́ palù lóòótọ́, tí oògùn náà sì jẹ́ ojúlówó, ó lè san. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe palù ńkọ́?

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ara gbígbóná kì í ṣe orúkọ àrùn. Palù ń mú ara gbóná. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ń mú ara gbóná. Èéyi ń mú ara gbóná. Etí tí ó ń ṣe ọyún, egbò tí ó wú, gbogbo wọn ló ń mú ara gbóná. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọwọ́ tí a gbé lé iwájú orí ọmọ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìbáà jẹ́ ọwọ́ ìyá àgbà tí ó ti tọ́ ogún ọmọ. Bí a bá fẹ́ mọ̀ dájú bóyá palù ni, ẹ̀jẹ̀ ni a ní láti wò. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí à ń pè ní OMS, ṣe sọ ní ọdún 2010 pé kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹni tí wọ́n bá rò pé ó ní palù wò kí wọ́n tó fún un ní oògùn.

Kí ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀?

Palù kì í ti inú oòrùn wá. Kì í ti inú epo tàbí màńgòrò wá. Kòkòrò kan ni ó ń fà á, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Abo ẹ̀fọn ni ó ń gbé e láti ara ẹnì kan lọ sí ara ẹlòmíràn. Nígbà tí kòkòrò yìí bá wọ ara wa, ẹ̀dọ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Dókítà ológun Faransé kan, Alphonse Laveran, ni ó kọ́kọ́ rí kòkòrò náà. Ní ọdún 1880 ni, ní ìlú Constantine ní Àlùjéríà, nígbà tí ó fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Ṣáájú rẹ̀, àwọn òyìnbó pàápàá rò pé afẹ́fẹ́ burúkú tí ń ti inú àbàtà jáde ni ó ń fa ibà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àwọn baba wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé oòrùn ni wọ́n dá lẹ́bi.

Ní ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ, wọ́n ṣì ń ṣe bí Laveran ti ṣe. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí dígí pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ wò ó. Goutte épaisse ni wọ́n ń pè é. Ní abúlé, àyẹ̀wò kíákíá tí à ń pè ní TDR ni wọ́n ń lò. Ike funfun pẹlẹbẹ kékeré kan ni, ó gùn tó ìka ọwọ́. Kò fẹ́ iná mànàmáná, kò fẹ́ ẹ̀rọ. Olùtọ́jú ìlera abúlé, ẹni tí à ń pè ní relais, lè ṣe é ní iwájú ilé yín bí wọ́n bá ti kọ́ ọ.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà ti pọ̀ tó?

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn yóò tán, pàápàá bí ọmọ náà bá ti rù. Àwọn mìíràn ń sọ pé àwọn dókítà ń ta ẹ̀jẹ̀ náà. Kí á má ṣe bínú sí ẹni tí ó bá béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò.

Ẹ mú lítà omi kan. Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 1000, ọ̀nà kan ni à ń pè ní mìlílítà kan. Ṣíbí kékeré tí a fi ń po kọfí ń gba mìlílítà 5. Nísinsìnyí, ẹ tún pín mìlílítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà 200. Ọ̀kan nínú 200 yẹn ni ó ń wọ inú TDR. Abo ẹ̀fọn kan, bí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó, ń gbé nǹkan bí ìdajì ìyẹn lọ. Èyí ni pé ohun tí ó wọ inú TDR tó ohun tí ẹ̀fọn méjì ń mu ní òru kan. Ẹ̀fọn kì í sì í tọrọ àyè.

Àgbàlagbà ní nǹkan bí lítà 5 ẹ̀jẹ̀ nínú ara: ẹ wo bídọ́ọ̀nù epo onílítà 5. Ọmọ ọdún méjì tí ó wọn kílò 12 ní ohun tí ó sún mọ́ lítà kan. Ta ni yóò wá ra ẹ̀kán kan? Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sára aláìsàn ní ilé ìwòsàn, láti inú iṣan apá àgbàlagbà ni wọ́n ti ń gbà á, sínú àpò; kì í ṣe láti orí ìka ọmọdé.

Ohun tí ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tán ni palù fúnra rẹ̀. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tí palù ti pẹ́ lára rẹ̀, ẹ fi í wé ti yín. Bí ó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ ti dínkù lára rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gún ìka?

Ẹ ka apá yìí dáadáa, kódà bí ẹ kì í bá ṣe relais. Ọmọ yín ni wọ́n fẹ́ gún, ojú yín ni ó yẹ kí ó ṣọ́ iṣẹ́ náà.

Ẹni tí yóò gún ìka gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó sì wọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Ìyá tàbí bàbá yóò gbé ọmọ lé itan, yóò sì di ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́ kí ó má baà já a gbà. Bí ọwọ́ ọmọ bá tutù, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ fi ọwọ́ yín ra á, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ jáde lára ìka tí ó tutù, ìyẹn ni ó sì ń mú kí wọ́n gún ọmọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìka wo ni? Ìka àárín tàbí ìka òrùka, ní ọwọ́ tí ènìyàn kì í sábà lò. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọwọ́ òsì ni. Kì í ṣe àtàǹpàkò, nítorí awọ rẹ̀ le, pàápàá ọwọ́ àgbẹ̀ tí ó ti di ọkọ́ mú fún ogún ọdún. Kì í ṣe ìka tí a fi ń júwe, nítorí òun ni a ń lò jù, yóò sì máa dùn wá lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe ọmọńdinrín, nítorí ẹran ara rẹ̀ kò nípọn, egungun sì wà nítòsí. Wọn kì í gún ìka tí ó wú tàbí tí ó ní egbò. Ẹ̀gbẹ́ orí ìka ni wọ́n ń gún, wọn kì í gún àárín gbùngbùn rẹ̀. Àárín ni ó ń dunni jù.

Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù 6, tí kò sì tíì wọn kílò 10, wọn kì í gún ìka rẹ̀, nítorí ìka náà kéré jù, abẹ́rẹ́ lè kan egungun. Ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gún, ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Wọn kì í gún ẹ̀yìn gìgísẹ̀ tàbí àárín rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti ń rìn, wọn kì í gún gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Wọ́n á fi òwú tí ó ní alikóòlù nínú nu orí ìka. Alikóòlù ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe sódábì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dúró kí ó gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ: èémí wa ní kòkòrò nínú. Bí alikóòlù kò bá tíì gbẹ, yóò ta ọmọ, yóò sì ba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà jẹ́.

Nígbà yìí ni abẹ́rẹ́ yóò jáde. Abẹ́rẹ́ kékeré ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń fún ènìyàn ní oògùn. Àwọn kan ń pè é ní lancette, àwọn mìíràn ń pè é ní vaccinostyle. Inú bébà rẹ̀ tàbí lábẹ́ ìdérí rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ti jáde, ní ojú yín. Wọ́n á gún ìka lẹ́ẹ̀kan, kíá, kí ó sì wọlé díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí ó kàn fi abẹ́rẹ́ tọ́ awọ ara, òun ni ó ń dá ọmọ lóró, nítorí yóò tún un gún.

Ẹ̀kán àkọ́kọ́, wọ́n á fi òwú gbígbẹ nù ún dànù. Àwọn ènìyàn máa ń bínú sí èyí: «Ẹ gbà á, ẹ tún dà á nù!» Ìdí rẹ̀ ni pé omi ara àti alikóòlù tí ó kù wà nínú ẹ̀kán àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ̀kán kejì ni ó mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá yá, wọ́n lè tẹ ìka jẹ́jẹ́ kí wọ́n sì tú u sílẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ máa fún un bí ẹni tí ń fún wàrà màlúù, nítorí omi ara yóò tún dà pọ̀ mọ́ ọn, àyẹ̀wò kò sì ní sọ òtítọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á tán, ẹ fi òwú gbígbẹ tẹ ojú ibẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá.

Báwo ni a ṣe ń ka TDR?

Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sínú ihò kékeré ara ike náà, wọ́n á sì kán omi rẹ̀ sínú ihò kejì, iye ẹ̀kán tí ìwé rẹ̀ bá sọ. Wọ́n á wo aago. Àwọn kan, ìṣẹ́jú 15 ni. Àwọn kan, ìṣẹ́jú 20. Ìwé inú rẹ̀ ni yóò sọ. Bí wọ́n bá yára kà á, wọ́n lè ṣìnà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n lè ṣìnà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ wò ó fúnra yín. Lẹ́tà C wà lára ike náà, lẹ́tà T sì wà. Ìlà gbọ́dọ̀ hàn ní ẹ̀gbẹ́ C. Bí kò bá hàn níbẹ̀, TDR yẹn ti bàjẹ́, kí wọ́n mú òmíràn. Bí ìlà bá hàn ní C àti ní T, palù ni. Bí ìlà T bá tilẹ̀ rẹ̀ dòdò bí ojú òpó ewé tí oòrùn ti pa, palù ṣì ni. Bí ìlà bá hàn ní C nìkan, wọn kò rí palù.

Abẹ́rẹ́ kan, ènìyàn kan

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ìyá kan, Ìyá Táyé, gbé ọmọ méjì wá sọ́dọ̀ relais. Ara àwọn méjèèjì gbóná. Abẹ́rẹ́ ku ẹyọ kan ṣoṣo.

Ìyá Táyé ní: «Bùrọ̀dá, ẹ fi ẹyọ kan yẹn gún àwọn méjèèjì. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde.»

Relais dáhùn pé: «Ìyá Táyé, ẹ má bínú. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ oníkálukú ni ó wà lára rẹ̀.»

«Ẹ fi alikóòlù nù ún ńkọ́? Tàbí kí á fi iná jó o?»

«Rárá, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n gún ẹni tí ara rẹ̀ le jù. Èkejì, ẹ gbé e gun alùpùpù, kí á jọ lọ sí ilé ìwòsàn.»

Relais yìí ṣe dáadáa. Ẹ jẹ́ kí á wo ìdí rẹ̀. Àrùn ẹ̀dọ̀ kan wà tí à ń pè ní hépatite B. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé. Ẹni tí ó ní i lè máa roko, kí ó máa jó ní ibi ìnáwó, kí ó má sì mọ̀ pé òun ní i, títí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò fi bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbẹ sára irin, tí ojú wa kò rí mọ́, kòkòrò hépatite B lè wà láàyè nínú rẹ̀ fún ọjọ́ 7. Ní ti ọmọ kékeré, ó burú jù: ọmọ tí ó bá kó o ní kékeré, ó ṣòro kí ó tó kúrò lára rẹ̀. Kòkòrò SIDA náà ń gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá. Abẹ́rẹ́ tí a fi nu òwú ṣì lè ní ẹ̀jẹ̀ lára. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tí ó fẹ́ lo abẹ́rẹ́ kan fún ènìyàn méjì, ẹ fa ọwọ́ ọmọ yín sẹ́yìn. Kì í ṣe àìlọ́wọ̀, bí ẹni náà tilẹ̀ jù yín lọ ní ọjọ́ orí.

Ẹ jẹ́ kí á tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn. A ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n a kì í bẹ̀rù abẹ tiwa. Nígbà tí a bá fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ilé, abẹ mélòó ni à ń lò? Bí a bá ń lu etí ọmọbìnrin, tí a ń dá abẹ́ fún ọmọkùnrin, tí a ń fá orí àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, abẹ mélòó? A kò sọ pé kí á pa àṣà rẹ́. Abẹ tuntun kò wọ́n ní ọjà. Kí oníkálukú mú tirẹ̀ lọ nínú bébà, kí wọ́n sì jù ú nù lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn babaláwo àti àwọn olóògùn tí wọ́n gbọ́n ti ń béèrè fún èyí fúnra wọn.

Níbo ni abẹ́rẹ́ ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́? Inú páálí líle tí abẹ́rẹ́ kò lè gún yọ, lójú ẹsẹ̀. Wọn kì í gbé e lé orí tábìlì, wọn kì í dá ìdérí rẹ̀ padà. Nígbà tí páálí bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọ́n á dì í pa, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n sun ún. Kì í ṣe inú ṣáláńgá, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn ọmọ ń sáré láìwọ bàtà. Bí ẹ bá rí ọ̀kan lójú ọ̀nà oko, ẹ má fi ọwọ́ mú un. Ẹ fi igi tì í sínú agolo. Bí ó bá gún yín, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹnu fà á, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ yẹn gan-an. Oògùn tí ń dènà SIDA wà, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí ọjọ́ mẹ́ta bá ti kọjá.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò

Bí ó bá jẹ́ palù, oògùn tí à ń pè ní CTA ni wọ́n ń fún ènìyàn. Nivaquine tí àwọn òbí wa ń lò kò kápá palù ilẹ̀ wa mọ́. Ọjọ́ 3 ni wọ́n ń lo CTA. Bí ara ọmọ bá tutù ní ọjọ́ kejì, ẹ má dáwọ́ dúró, ẹ má sì fi hóró tí ó kù pamọ́ de àbúrò rẹ̀. TDR lè máa fi ìlà T hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ọmọ ti sàn. Nítorí náà, bí ara rẹ̀ bá tún gbóná láìpẹ́, ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ ni kí ẹ lọ.

Bí wọn kò bá rí palù, ẹ má sọ pé wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lásán. Àyẹ̀wò náà ti sọ fún wa pé kí á wá àrùn náà ní ibòmíràn. Ọmọ kò tíì sàn. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, ẹ wo àyà rẹ̀ nígbà tí kò sunkún, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ó mí ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11 tí ó bá mí tó ìgbà 50, tàbí ọmọ ọdún 1 sí 4 tí ó bá mí tó ìgbà 40, ó lè jẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀fóró, oògùn palù kò sì lè wo ìyẹn sàn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ tí gìrì mú, tí kò lè mu ọmú tàbí omi, tí ó ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, tàbí tí a pè tí kò jí, ẹ má dúró ka ìlà kankan ní abúlé. Ẹ wá alùpùpù.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ wa

1. Ní abúlé yín, ta ni ó ń ṣe TDR? Ibo ni ó ń kó abẹ́rẹ́ sí lẹ́yìn iṣẹ́? Kí ẹni méjì lọ wò ó kí á tó tún pàdé.

2. Ẹ ṣe ìṣirò yìí: ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ TDR mélòó ni ó lè kún ṣíbí kọfí kan?

3. Ẹni tí ó ń sín gbẹ́rẹ́ ní àdúgbò yín, báwo ni ẹ óò ṣe bá a sọ̀rọ̀ abẹ tuntun láìbà á nínú jẹ́? Kí ẹnì kan ṣe bí olóògùn, kí ẹlòmíràn ṣe bí ọmọ ilé tí ó wá bẹ̀ ẹ́.